Àjẹ́ Ké Lánàá: Ọ̀rọ̀ lórí Ìtàn Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ Ayé Àtijọ́

Òwe kan wà tí tọmọdé tàgbà ilẹ̀ wa mọ̀: àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ? Ó dùn ún gbọ́ létí, ó sì rọrùn láti pa. Ṣùgbọ́n bí a bá fi ojú inú wò ó dáadáa, òwe yìí kò béèrè ohunkóhun. Ẹjọ́ ló dá. Kò bi wá bóyá ibà ló pa ọmọ náà. Kò bi wá ta ló gbé àgbo fún un mu ní alẹ́. Kò bi wá ta ni ó gbọ́ igbe, ibi tí onítọ̀hún dúró sí, àti ohun tí ó mú un dá a lójú pé àjẹ́ ló ké, pé kì í ṣe ẹyẹ òru lásán. Igbe ni ẹ̀rí, ikú ni ìdájọ́, ọ̀rọ̀ bùṣe.

Ohun tí mo fẹ́ sọ nínú àròkọ yìí ni pé irú ìwé kan wà tí ń kọ́ ènìyàn láti má ṣe gba irú òwe bẹ́ẹ̀ gbọ́ láìwádìí. Irú ìwé náà wúlò fún wa ju bí ó ti wúlò fún àwọn tí ń kọ ọ́ lọ. Ìgbéraga àwa ọ̀mọ̀wé àti ìtìjú àwọn òǹkọ̀wé wa ni kò sì jẹ́ kí á ní in ní èdè wa. Ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tí a gbé kalẹ̀ sí ayé àtijọ́ ni mo ń sọ, èyí tí a ń kọ ní ọ̀wọ́-ọ̀wọ́, tí olùwádìí kan ṣoṣo ń bá òǹkàwé rìn láti inú ìwé kan dé inú òmíràn.

Irú ìwé tí mo ń sọ

Ìtàn yìí yàtọ̀ sí èyí tí ìbọn ti ń dún lákọlákọ. Wọ́n ń pa ènìyàn nínú rẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n a kì í fi ẹ̀jẹ̀ kun ojú ìwé. Ìlú kékeré tàbí agbo ilé kan ni ọ̀rọ̀ ti ń ṣẹlẹ̀, níbi tí gbogbo ènìyàn ti mọ ara wọn. Ẹni tí ń wádìí kì í sábà jẹ́ ọlọ́pàá. Ó lè jẹ́ ìyá arúgbó, ó lè jẹ́ oníṣègùn. Làákàyè, sùúrù àti ìmọ̀ ìwà ẹ̀dá ni ohun ìjà rẹ̀. Òǹkàwé náà ń rí gbogbo ohun tí olùwádìí rí, ó sì lè fúnra rẹ̀ ro ọ̀rọ̀ náà já kí ìwé tó parí. Nígbà tí ó bá parí, òtítọ́ á hàn, ìlú á sì tòrò.

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì mọ irú rẹ̀ í kọ. Ní 1977, Edith Pargeter, tí ó ń fi Ellis Peters ṣe orúkọ ìkọ̀wé, gbé ìwé àkọ́kọ́ jáde lórí Cadfael, mọ́ńkì kan ní ìlú Shrewsbury ní ọ̀rúndún kejìlá. Ọmọ Wales ni Cadfael; ó ti jagun ní òkè òkun kí ó tó wọ inú ẹ̀sìn; ọgbà ewé ni wọ́n fi sí ìkáwọ́ rẹ̀. Nítorí pé ó mọ ewé, ó mọ oògùn. Nítorí pé ó mọ oògùn, ó mọ májèlé. Ogún ìtàn gígùn ni obìnrin yìí kọ lórí ẹnìkan ṣoṣo yìí títí di 1994. Tẹlifíṣàn sọ ọ́ di eré láàrin 1994 àti 1998. Lẹ́yìn tí òǹkọ̀wé náà kú ní 1995, ẹgbẹ́ àwọn òǹkọ̀wé ìtàn ọ̀daràn nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi orúkọ rẹ̀ sọ ẹ̀bùn kan tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1999 fún irú ìwé bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn tí kò ní fọwọ́ kan ìwé ìtàn ọ̀rúndún kejìlá ló mọ ogun tí Ọba Stephen àti Matilda bá ara wọn jà, kìkì nítorí pé wọ́n fẹ́ mọ ta ló pa ta.

Ṣáínà ńkọ́? Wọ́n ti ń kọ ìtàn adájọ́ tí ń tú àṣírí ọ̀daràn níbẹ̀ tipẹ́tipẹ́. Ṣùgbọ́n Robert van Gulik, ọmọ ilẹ̀ Netherlands tí ó jẹ́ aṣojú ìjọba rẹ̀ ní ilẹ̀ òkèèrè, ni ó gbé Adájọ́ Dee jáde fún gbogbo ayé. Ó túmọ̀ ìwé àtijọ́ kan ní 1949, lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ tirẹ̀ lórí adájọ́ kan náà, ẹni tí ó gbé ayé ní ọ̀rúndún keje. Ní ilẹ̀ aláwọ̀ dúdú, ní 1998, Alexander McCall Smith, ọmọ Scotland tí wọ́n bí ní Bulawayo, gbé Precious Ramotswe kalẹ̀ ní Gaborone, ní Botswana. Ìtàn tirẹ̀ kì í ṣe ti ayé àtijọ́, ṣùgbọ́n ìdílé kan náà ni: obìnrin ọlọ́gbọ́n, ìlú tí ń mí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, àṣírí tí ń tú láìsí ariwo. Èmi kò bínú sí van Gulik, n kò sì bínú sí McCall Smith. Ilẹ̀ tí onílẹ̀ kò ro, àlejò á fi dáko, ire oko náà á sì jẹ́ tirẹ̀. Ẹni tí mo bá wí ni onílẹ̀.

Wọ́n ní àjèjì ni

Ìjiyàn àkọ́kọ́ tí mo máa ń gbọ́ láàrin àwa lámèyítọ́ ni pé ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ kì í ṣe tiwa, pé inú ìwé òyìnbó la ti jí i. Ẹ jẹ́ kí á rántí ohun tí ó wà nílẹ̀. Ní 1969, Ọládẹ̀jọ Òkédìjí gbé Àjà Ló Lẹrù jáde; ní 1971, Àgbàlagbà Akàn tẹ̀lé e. Lápàdé ló wà nínú méjèèjì, ẹni tí ó ti ṣe iṣẹ́ ọlọ́pàá rí. Kọ́lá Akínlàdé kọ Owó Ẹ̀jẹ̀ àti Ta Ló Pa Ọmọ Ọba?, ó sì fún wa ní Akin Olúṣínà, olùwádìí tí làákàyè rẹ̀ mú ju àdá lọ. Ìran tèmi kò ka ìwé wọ̀nyí nítorí ìdánwò nìkan. A ń yá wọn lọ́wọ́ ara wa títí èèpo ẹ̀yìn wọn fi ya.

Àwọn kan ní àwọn rí ọwọ́ James Hadley Chase nínú iṣẹ́ Òkédìjí. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, kí ló kù? Ìtẹ̀wé fúnra rẹ̀ wá láti òkè òkun, a sì fi í tẹ Fágúnwà. Ohun tí a fi ń mọ̀ bóyá nǹkan ti di tẹni ni ohun tí a fi í ṣe. Ẹ fi èdè Òkédìjí, òwe rẹ̀ àti ẹ̀fẹ̀ rẹ̀, wé ti Chase, kí ẹ wá sọ fún mi bóyá àwọn méjèèjì jọ mu omi nínú kànga kan náà.

Ní 1969 kan náà, Adébáyọ̀ Fálétí gbé Ọmọ Olókùn Ẹṣin jáde, ó sì fi hàn pé a lè mú òǹkàwé padà sí ayé ọba àti ẹrú, ayé ẹṣin àti ìwọ̀fà, kí ó sì dà bíi pé àná ni. Nítorí náà, odò méjì ni a ní láti ìgbà náà: odò ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ àti odò ìtàn ayé àtijọ́. Ohun tí ó ń yà mí lẹ́nu ni pé odò méjèèjì ti ń ṣàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn láti nǹkan bí ọgọ́ta ọdún, kò sì sí ẹni tí ó la ipa láàrin wọn kí wọ́n di odò ńlá kan. Lápàdé ń gun mọ́tò. Kò sí Lápàdé tí ń gun ẹṣin.

Wọ́n ní Ifá á sọ

Ìjiyàn kejì le ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ọ̀rẹ́ mi kan, tí òun náà ń kọ́ni ní yunifásítì, ló sọ ọ́ báyìí: ní ayé àtijọ́, bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, ọ̀dọ̀ babaláwo ni wọ́n ń lọ, Ifá á sọ ẹni tí ó ṣe é, kí ni ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ wá fẹ́ ṣe níbẹ̀?

Ẹni tí ó bá sọ bẹ́ẹ̀ kò bọ̀wọ̀ fún Ifá, kò sì mọ ilé ẹjọ́ àwọn baba wa. Babaláwo ń kì ẹsẹ Ifá ni. Ìtàn ló wà nínú ẹsẹ náà, ẹni tí ó wá dá Ifá ni yóò sì mọ ibi tí ọ̀rọ̀ tirẹ̀ wà nínú ìtàn náà. Iṣẹ́ làákàyè nìyẹn. Ní ti ẹjọ́, ẹ wo òfin tí a pa sínú òwe: agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Láti ọ̀dọ̀ baálé ilé, ẹjọ́ á lọ sí ọ̀dọ̀ olóyè àdúgbò, láti ibẹ̀ á lọ sí ààfin. Tọ̀tún tòsì ni wọ́n ń gbọ́. Wọ́n ń fi irin búra, nítorí pé Ògún kì í fẹ́ irọ́. Ẹ jẹ́ kí á bi ara wa: bí ó bá jẹ́ pé òrìṣà ló ń sọ gbogbo rẹ̀, kí ni wọ́n ń mú ẹlẹ́rìí búra sí? A ń mú ẹlẹ́rìí búra nítorí pé ẹnu rẹ̀ ṣe pàtàkì, àti nítorí pé ẹnu náà lè purọ́. Àwọn tí ó ṣe òfin yẹn mọ ìyàtọ̀ láàrin ìfura àti ẹ̀rí. Àwa ni a ti gbàgbé.

A gbàgbé rẹ̀ níbi tí gbogbo ènìyàn ti lè rí i: nínú eré orí fídíò tí ó gba ìgboro láti ìparí àwọn ọdún 1980. Ẹ̀yin náà mọ bí ó ti ń lọ. Wọ́n á pa ènìyàn. Ọlọ́pàá á dé, á kọ nǹkan sínú ìwé, á gba rìbá, a kò tún ní rí i mọ́. Pásítọ̀ á lá àlá, tàbí kí babaláwo wo inú omi. Nígbà tí wákàtí méjì bá fẹ́ pé, apànìyàn á ya wèrè, á máa fẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́ ní ìta gbangba. Kò sí ẹnì kan nínú eré náà tí ó ronú láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Òǹwòran náà kò ronú. Kò sí ohun tí wọ́n fún un láti fi ronú.

Bí ọ̀rọ̀ náà bá dúró lórí eré lásán, n kò ní dá ara mi láàmú. Ṣùgbọ́n ohun tí a ń wò lálẹ́ la ń fi ṣe ìwà ní ọ̀sán. Ní ọjọ́ 5, oṣù Kẹwàá, 2012, ní Aluu, ní ìpínlẹ̀ Rivers, àwọn ènìyàn lu ọmọ mẹ́rin pa, wọ́n sì dáná sun wọ́n. Akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Port Harcourt ni àwọn ọmọ náà. Igbe olè ni wọ́n ké lé wọn lórí. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ pé ilẹ̀ Yorùbá kọ́ nìyẹn, nítorí pé àwa náà mọ òórùn táyà àti bẹntiróò. Ìyá arúgbó tí wọ́n ń lé kiri nítorí pé ọmọ àdúgbò kú, ọmọ ọ̀dọ̀ tí wọ́n fi irin gbígbóná jó nítorí owó tí a wá rí lábẹ́ ibùsùn, ọkùnrin tí wọ́n lù bolẹ̀ nítorí pé ẹnìkan pariwo pé ó gbé òun ní nǹkan ọmọkùnrin lọ: àjẹ́ ké lánàá ni gbogbo wọn. N kò sọ pé ìwé ìtàn nìkan ló lè wo àrùn yìí sàn. Ohun tí mo sọ ni pé ẹni tí ó bá ti ka ogún ìwé tí ẹni tí gbogbo ìlú ń fura sí kì í fi í ṣe ẹni tí ó ṣe é, ọwọ́ rẹ̀ yóò lọ́ra díẹ̀ kí ó tó mú òkúta. Ìlọ́ra díẹ̀ yẹn lè gba ẹ̀mí là.

Ohun tí ó wà nílẹ̀ fún wa

Ìjiyàn kẹta ni pé ìtàn wa kún fún ẹkún ju kí a fi ṣe ìtàn ìdárayá lọ. Ogun àti òwò ẹrú, wọ́n ní, kì í ṣe ohun tí a ń fi gbádùn. Ìjiyàn yìí ní ọ̀wọ̀ nínú, mo sì gbà pé ibi tí ẹsẹ̀ ti lè yọ̀ nìyẹn. Ìtàn tí ó bá fi oyin bo ayé àtijọ́, tí àwọn ẹrú inú rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín láti òwúrọ̀ dé alẹ́, irọ́ ni. Ṣùgbọ́n ìtàn tí kò fi ẹ̀jẹ̀ kun ojú ìwé kò gbọdọ̀ jẹ́ ìtàn tí ó fi òtítọ́ pamọ́. Ẹ jẹ́ kí á wo ọ̀rọ̀ Ẹfúnṣetán Aníwúrà, Ìyálóde Ìbàdàn.

Nínú eré onítàn tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá gbé jáde ní 1970, Ẹfúnṣetán fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé májèlé jẹ. Ìtàn tí Samuel Johnson kọ sílẹ̀, tí a tẹ̀ jáde ní 1921, yàtọ̀: ní 1874, lóru, nínú ilé ara rẹ̀, àwọn ẹrú rẹ̀ ni wọ́n pa á, ọwọ́ ẹbí rẹ̀ kan sì wà nínú rẹ̀, lẹ́yìn tí Ààrẹ Látòósà ti yọ ọ́ lóyè. Onítàn eré ní ẹ̀tọ́ láti yí ìtàn padà. N kò bá Ìṣọ̀lá jà. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ó wà nínú ti Johnson! Obìnrin olówó kan kú nínú ilé tí ó kún fún ènìyàn. Alágbára ìlú kò fẹ́ràn rẹ̀. Ẹbí fẹ́ ogún. Àwọn ẹrú ni ọwọ́ wọn kàn án, ṣùgbọ́n ta ló rán wọn? Ta ni yóò gba ẹ̀rí ẹrú gbọ́ ní Ìbàdàn ní 1874? Ẹni tí ó bá kọ ìtàn yìí bí ìwádìí, tí ó fi ìyá arúgbó onídìrí kan ṣe olùwádìí, nítorí pé gbogbo obìnrin agbo ilé ló ń gbé orí wọn lé itan rẹ̀ tí wọ́n sì ń rojọ́, kò ní lè sá fún ọ̀rọ̀ ẹrú. Ìbéèrè ìtàn náà gan-an á di pé: ẹ̀rí ta ni a kà sí ẹ̀rí? Ìyẹn kì í ṣe oyin.

Abẹ́òkúta náà wà níbẹ̀. Ní àwọn ọdún 1930, aláró àti oníṣòwò ń jà lórí sóódà olóró àti aró òyìnbó, ọ̀rọ̀ náà sì dé ààfin Aláké. Fi aláró kan ṣe olùwádìí, obìnrin tí ó lè wo aṣọ kí ó mọ̀ bóyá aró ewé ni wọ́n fi rẹ ẹ́ tàbí ti òyìnbó, kí ó mọ iye ìgbà tí ó wọ inú ìkòkò, kí ó sì mọ ọwọ́ ẹni tí ó yà á. Aṣọ òkú nìkan ti tó fún un láti bẹ̀rẹ̀.

Mo wá dé ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti kan iṣẹ́ mi gẹ́gẹ́ bí olùkọ́ èdè. Àwọn àmì kan wà tí a kò lè fi sínú ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ní èdè mìíràn. Àrokò jẹ́ ọ̀kan. Owó ẹyọ mẹ́fà tí a sín pọ̀ ń sọ fún ẹni tí a fi ránṣẹ́ sí pé ọkàn wa fà sí i, nítorí ohùn tí ẹ̀fà àti fífà jọ ní; mẹ́jọ ń sọ pé ọ̀rọ̀ wa jọ. Bí ẹnìkan bá yọ ẹyọ kan nínú mẹ́jọ lójú ọ̀nà ńkọ́? Ìtàn ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Òmíràn ni ohùn. Ẹ jẹ́ kí a sọ pé ọmọ iléèwé kan ní Abẹ́òkúta, ní 1859, ọdún tí Henry Townsend bẹ̀rẹ̀ Ìwé Ìròyìn, kọ ìwé pélébé kan láìfi àmì sí i: Oko lo pa a. Ṣé ọkọ ló pa á ni? Ṣé ọkọ́ tí wọ́n fi ń roko ni? Ṣé ọkọ̀ ojú omi Ògùn ni? Ṣé ọ̀kọ̀ ológun ni? Àbí oko fúnra rẹ̀ ni, níbi tí ejò wà? Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, afurasí márùn-ún. Láti ọdún pípẹ́ ni mo ti ń bẹ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi pé kí wọ́n máa fi àmì sí ọ̀rọ̀. Bí wọ́n bá rí i nínú ìtàn pé àìfi àmì sí ọ̀rọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé ọkọ aláìṣẹ̀ dé ojúbọ, n kò ní bẹ ẹnikẹ́ni mọ́.

Òfin kan ṣoṣo ni n óò fi lélẹ̀ fún ẹni tí ó bá fẹ́ kọ ọ́: kí ó má purọ́ mọ́ ọdún. Kí ó má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọ rélùwéè dé Ìbàdàn kí 1901 tó dé. Kí ó má ná náírà ṣáájú 1973. Kí ọjọ́ ọjà rẹ̀ máa tẹ̀lé ọrún, kì í ṣe Mọ́ńdè. Òǹkàwé tí ó bá ká wa mọ́ inú irọ́ kékeré kò ní gba òtítọ́ ńlá wa gbọ́.

Ọjà ni ìwé

Kíkọ ni ìdajì iṣẹ́. Ìdajì kejì ni títà, ibẹ̀ sì ni àwa òǹkọ̀wé Yorùbá ti ń ṣe bíi pé ẹ̀tẹ́ ni. Obìnrin tí ó gbé ẹ̀kọ lórí mọ ohun tí a kò mọ̀: ó mọ̀ pé bí òun bá dákẹ́, ẹ̀kọ òun á tutù. Ìpolówó ọjà jẹ́ ewì láàrin wa; a ń kọ́ ọ ní kíláàsì, a ń ṣe àtúpalẹ̀ rẹ̀, a sì ń tijú láti lò ó fún ìwé tiwa.

Ohun tí a fi dípò rẹ̀ ni méjì, àwọn méjèèjì kò sì dára. Èkíní ni àtòjọ ìwé ìdánwò. Ilé ìtẹ̀wé kan tí mo gbé iṣẹ́ lọ bá kò bi mí bóyá ìtàn náà dùn. Ohun tí wọ́n bi mí ni bóyá WAEC ti yàn án. Ìwé tí ó bá ń gbé ayé nítorí ìdánwò nìkan, ọjọ́ tí wọ́n bá yọ ọ́ kúrò lórí àtòjọ ló kú. Ní báyìí tí èdè abínibí ti di ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ lè yàn tàbí kí ó fi sílẹ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ girama àgbà, ẹni tí ó gbé ara lé àtòjọ gbé ara lé ògiri tí ó ti là. Èkejì ni ayẹyẹ ìkójáde ìwé. Wọ́n á tò àwọn ọlọ́lá sórí ìjókòó gíga, alága á fi owó ńlá ra ẹ̀dà kan, wọ́n á ya fọ́tò, wọ́n á jẹ ìrẹsì, wọ́n á sì padà sílé láìṣí ojú ìwé kankan. Ìyẹn kì í ṣe títa ìwé, ìdáwó ni. Òǹkọ̀wé rí owó, ṣùgbọ́n kò rí òǹkàwé.

Àwọn tí ó ṣáájú wa gbọ́n jù bẹ́ẹ̀ lọ. Láàrin 1929 àti 1930, Isaac Babalọlá Thomas tẹ ìtàn Ṣẹ̀gilọlá sínú ìwé ìròyìn rẹ̀, Akéde Èkó, díẹ̀díẹ̀, bí lẹ́tà tí obìnrin náà fúnra rẹ̀ ń kọ. Àwọn ará Èkó ń dúró de èyí tí ó kàn; wọ́n ń jiyàn lórí ẹni tí obìnrin náà jẹ́. Lẹ́yìn náà ló kó wọn pọ̀ di ìwé. Ẹ kíyè sí ọgbọ́n rẹ̀: kò ta ìwé fún ẹni tí kò tíì mọ̀ ọ́n, ó kọ́kọ́ jẹ́ kí ó di ọ̀rọ̀ ẹnu.

Ọ̀wọ́ ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ bá ọgbọ́n yìí mu ju irú ìwé yòówù lọ, nítorí pé ìwé kan nínú rẹ̀ ń polówó èkejì. Ẹni tí ó bá fẹ́ràn onídìrí Ìbàdàn nínú ìwé kẹta á padà wá èkíní. Nítorí náà, kí ìwé náà tín-ín-rín kí owó rẹ̀ lè kéré. Kí a kà á lórí rédíò, orí kan lọ́sẹ̀, kí a sì dákẹ́ níbi tí ilẹ̀kùn ti ń dún. Kí a gbé ohùn náà sórí WhatsApp fún ọmọ wa tí ó wà ní Peckham àti Houston, tí ó ń gbọ́ Yorùbá ṣùgbọ́n tí kò lè kà á dáadáa. Kí ìwé náà wà ní ilé onídìrí, ní gáréèjì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ oògùn jẹ̀díjẹ̀dí, nítorí pé ibẹ̀ ni àwọn tí ń dúró wà. Kí òǹkọ̀wé fúnra rẹ̀ dúró, kí ó ka ojú ìwé mẹ́ta, kí ó pa ìwé dé, kí ó sì dá owó lé e. Kò sí ohun tí ó bu ọlá ọ̀mọ̀wé kù nínú ìyẹn. Ohun tí ó bu ọlá wa kù ni ẹ̀dà ìwé tí ikán ń jẹ nínú yàrá wa.

Sí ẹ̀yin tí ẹ ń kọ

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò ní eré ọmọdé ni mo ń pè ní iṣẹ́ ńlá. Wọ́n á ní èdè tí ń kú kò nílò ìtàn ta-ló-pa-á. Ìwé gbédègbẹ́yọ̀ àti ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì ló nílò. Ó nílò wọn. Ṣùgbọ́n èdè kò tíì kú níbi tí wọn kò ti fi í ṣe ìwé gbédègbẹ́yọ̀. Ibi tí ó ti ń kú ni ibi tí ènìyàn kò ti lè fi í pa àkókò ní alẹ́ ọjọ́ tí kò sí iná. Ọmọ tí ó bá fi Yorùbá gbádùn ara rẹ̀ kò ní béèrè lọ́wọ́ wa ìdí tí ó fi yẹ kí òun kọ́ ọ.

Òkédìjí kú ní 2019, Fálétí ti ṣáájú rẹ̀ lọ ní 2017, Ìṣọ̀lá ní 2018. Wọ́n ti fi iṣẹ́ sílẹ̀. Kò yẹ kí a máa fi wọ́n ṣe àkọlé ìwé àpilẹ̀kọ oyè nìkan. Ẹni ọgbọ̀n ọdún kan wà níbìkan nísinsìnyí tí ó mọ ìtàn ìlú rẹ̀ láti ẹnu ìyá àgbà, tí ó mọ òwe, tí ó sì fẹ́ràn àlọ́ àpamọ̀. Òun ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Gbé ìyá arúgbó kan kalẹ̀ ní agbo ilé kan, ní ọdún kan tí o mọ̀ dáadáa. Jẹ́ kí àjẹ́ ké lálẹ́. Jẹ́ kí ọmọ kú ní òwúrọ̀. Jẹ́ kí gbogbo ilé dìde, kí wọ́n mú igi lọ́wọ́, kí wọ́n kọjú sí ilẹ̀kùn ẹni tí wọ́n ti ń fura sí tipẹ́. Kí ìyá arúgbó náà wá dúró ní ẹnu ọ̀nà yẹn, kí ó bi wọ́n pé: ta ló gbé àgbo fún ọmọ yìí mu ní alẹ́ àná?